Ọkọ Àbúrò Mi, Adúródè Ọwọ́ Ẹ̀yìn

Garnet Trezise, ọkọ àbúrò mi, ti pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá kankan tó mọ̀ pé ó wà láyé. Nídìí bọ́ọ̀lù tiwa níbí, èyí tá a máa ń fọwọ́ mú tá a sì ń fẹsẹ̀ gbá, ẹni tó bá ti lé lọ́gbọ̀n ọdún ti ń di àgbàlagbà nìyẹn. Orúnkún rẹ̀ á máa dún bí ilẹ̀kùn ilé àtijọ́, àwọn ọ̀dọ́ á sì máa bi í bóyá wọ́n ti dá bọ́ọ̀lù sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i.

Olùrẹ́run àgùntàn ni. Èmi náà, iṣẹ́ yẹn ni mò ń ṣe. Ẹ̀gbẹ́ ara wa la máa ń dúró nínú abà. Òun á tẹ àgùntàn tirẹ̀ mọ́lẹ̀, èmi á tẹ tèmi, a ó sì jọ máa pariwo ọ̀rọ̀ síra wa lórí ariwo ẹ̀rọ. Wes lorúkọ mi. Kirralee, ìyàwó Garnet, ìyá kan náà ló bí èmi àti òun.

Tó bá di Sátidé, Garnet á gbá bọ́ọ̀lù fún Port Tregenna, ìlú wa tó wà létí òkun. Ọwọ́ ẹ̀yìn ló máa ń dúró, níwájú ilé gan-an, níbi tí atamátàsé ẹgbẹ́ kejì ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé ó lẹ́sẹ̀ eré. Àgùntàn tó ti mumi yó á sáré jù ú lọ. Àmọ́ tó bá ti lẹ̀ mọ́ èèyàn, bí èèmọ́ lára ṣòkòtò ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Á bi ẹ́ nípa òjò, á bi ẹ́ bóyá ọkà bálì yín ṣe dáadáa lọ́dún yìí, á bi ẹ́ pé ìyá ẹ ńkọ́. Kó o tó dá a lóhùn, bọ́ọ̀lù ti kọjá lọ.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà. Nígbà tí Garnet wà lọ́mọ ọdún méjìdínlógún, àwọn ẹgbẹ́ ńlá yan àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́, wọn ò sì yan án. Ọ̀rọ̀ náà ò tán nínú rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Sunday, tá a bá jókòó ti ẹran àgùntàn àti ọ̀dùnkún yíyan nílé wọn, kó tó gé ẹran ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: “Ká ní wọ́n mú mi nígbà yẹn ni...”

Lọ́jọ́ kan, Kirralee sọ fọ́ọ̀kì sílẹ̀.

“Garnet, wọn ò mú ẹ. Ọlọ́run mọ̀, ìyá ẹ mọ̀, ajá inú ilé yìí gan-an mọ̀. Ṣé kí n bímọ kí n sọ ọ́ ní ‘Wọn-ò-mú-mi’ ni?”

“Mo kàn ń sọ ọ́ ni o.”

“Yé sọ ọ́.”

Ó jẹun tán, ó fẹ̀yìn ti àga, kò sì pẹ́ tó fi ń hanrun. Ni Kirralee bá fa fóònù rẹ̀ yọ, ó ń tẹ nǹkan, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní kí ló ń ṣe.

“Mò ń forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ fún ìyànsípò àárín ọdún táwọn ẹgbẹ́ ńlá fi ń mú agbábọ́ọ̀lù tuntun,” ló wí. “Ẹnikẹ́ni ló lè forúkọ sílẹ̀. Wọ́n á tún kọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n kọ̀ ọ́ nígbà yẹn ò wọ̀ ọ́ létí. Àlàáfíà ni mò ń wá fún ilé mi, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu lójú mi. Mo tún bu ọbẹ̀ gréfì sórí ẹran mi.

Ohun tí Kirralee ò mọ̀ ni pé àwọn Ẹyẹ Òfú, ẹgbẹ́ ńlá tó wà ní Adelaide, ti ń ṣòfò ọwọ́ ẹ̀yìn. Orúnkún ọ̀kan ti yẹ̀. Èjìká ìkejì ti fọ́. Ẹ̀kẹta já bọ́ lórí kẹ̀kẹ́ níbi tó ti ń ya fọ́tò ara rẹ̀. Ohun mìíràn tí kò tún mọ̀ ni pé ọkùnrin onífìlà kan tó wá wo bọ́ọ̀lù wa lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú, èyí tí gbogbo ìlú ń fún ní tíì àti kéèkì, aṣojú àwọn Ẹyẹ Òfú ni. Torí Bodhi Rowett la ṣe rò pé ó wá. Bodhi ni atamátàsé wa, ọmọ ọdún méjìdínlógún, ọmọ tó ń fò bíi pé wọ́n so ìyẹ́ ẹyẹ mọ́ ọn. Òótọ́ ni pé torí Bodhi ló ṣe wá. Àmọ́ èèyàn tó bá jókòó sí pápá fún wákàtí méjì, ojú rẹ̀ á dé ìkángun kejì náà.

Nígbà tí ọjọ́ ìyànsípò pé, gbogbo Port Tregenna ló kó jọ sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa láti wo bí wọ́n ṣe máa dárúkọ Bodhi lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ti kọ “BODHI TIWA” gàdàgbà sára aṣọ funfun, wọ́n ta á kọ́ ara ògiri. Ìyá Bodhi wọ aṣọ tuntun, ó sì ti ṣe kéèkì tó ní àwòrán ọmọ rẹ̀ lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé imú àwòrán náà ti yọ́ díẹ̀. Garnet ò sí nínú ilé. Ìta ló wà nídìí iná, tó ń yí sọ́séèjì padà, torí òun nìkan ni kì í jẹ́ kó jóná.

Wọ́n pe ẹni àkọ́kọ́, kì í ṣe Bodhi. Wọ́n pe ẹnì kejì, ẹnì kẹta. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin inú tẹlifíṣọ̀n gbé ìwé kan sókè, ó ní, “Àwọn Ẹyẹ Òfú mú Garnet Trezise, láti Port Tregenna.”

Ẹnì kan lẹ́yìn ní, “Garnet wo?”

Màmá Merle, ìyá Garnet, ló kọ́kọ́ sọjí. Wọ́n fò dìde, wọ́n lu tábìlì, bíà dà sára àlùfáà wa. “Ọmọ mi ni! Èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi bí ni!”

Èmi ni mo sáré jáde lọ bá a.

“Garnet! Wọ́n ti mú ẹ!”

Ó ṣẹ́jú sí mi láàárín èéfín. “Ta ló mú mi? Wes, kí ni mo ṣe? Tó bá jẹ́ tìtorí táyà píkọ́ọ̀pù yẹn ni, mo ti sọ fún ọlọ́pàá yẹn pé mo máa pààrọ̀ ẹ̀!”

“Kì í ṣe ọlọ́pàá. Àwọn Ẹyẹ Òfú ni. Bọ́ọ̀lù!”

Ó dúró pẹ̀lú sọ́séèjì lẹ́nu ẹ̀mú. Ó wo ẹ̀yìn mi. Kirralee ti jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ bo ẹnu.

“Kirralee, ìwọ lo ṣe é?”

“Èmi ni,” ni àbúrò mi wí. “Àmọ́ mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Mo rò pé wọ́n á kọ̀ ẹ́ ni.”

Sọ́séèjì ọjọ́ náà nìkan ló jóná rí lọ́wọ́ Garnet. Wọn ò pe Bodhi títí ètò náà fi parí, síbẹ̀ òun ló kọ́kọ́ dì mọ́ ọn. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, bóyá gbogbo omi yẹn kọ́ ni ẹ̀rín. Òun fúnra rẹ̀ ló yí aṣọ funfun yẹn padà, tó kọ “GARNET TIWA” sẹ́yìn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní tiẹ̀ gbé kéèkì, ó gbé e lọ sílé, a ò sì tọ́ ọ wò.

Báyìí ni ọkọ àbúrò mi ṣe di èrò Adelaide. Dermot Pascoe lorúkọ akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn Ẹyẹ Òfú, ọkùnrin gígùn kan tó tín-ín-rín, tó máa ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ bí ẹni ń fi iyọ̀ pamọ́ nígbà ọ̀wọ́n. Ó pe Garnet sí ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

“Garnet, ká má tan ara wa. Ìwọ kọ́ ni ọ̀la ẹgbẹ́ yìí.”

“Mo gbọ́, Kóòṣì.”

“Mo ní ọwọ́ ẹ̀yìn kan tó gbámúṣé, Flynn Hartigan. Tí Flynn bá fara pa, o wọlé. Tí Flynn ò bá fara pa, o dúró. Àwọn ọmọdé ò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Tí mo bá ní kí ọmọdé dúró, ó máa ń sunkún, bàbá ẹ̀ á sì pè mí.”

“Kóòṣì, tó bá jẹ́ ti ká dúró ni,” ni Garnet wí, “látìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń kọ́ ọ.”

Ó ní Kóòṣì fẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ò fojúure wò ó ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀: “Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá! Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ṣé a lè bá yín so okùn bàtà?” Ẹnì kan bá a wá ọ̀pá ìtilẹ̀, ó fi ríbọ́ńnù dè é, ó gbé e síwájú àpótí rẹ̀. Garnet gba ọ̀pá náà, ó dúpẹ́, ó sì fi ń tilẹ̀ rìn káàkiri ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Ó ní ó tù ú lára.

Flynn, ẹni tí Garnet ń dúró dè, ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Irun rẹ̀ pupa bíi wúrà, ó gùn dé èjìká, gbogbo ìgbà ló sì máa ń dà bò ó lójú. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìdánrawò, ó ń kùn pé òun ò rí bọ́ọ̀lù mọ́. Garnet ní, “Jókòó, kí n bá ẹ dín in kù.”

“Bàbá, ṣé ẹ ti gẹrun èèyàn rí?”

“Rárá. Àmọ́ tìẹ rọrùn. O ò lè ta mí nípàá.”

Ó lọ mú ẹ̀rọ tó fi ń rẹ́run àgùntàn wá látinú ọkọ̀ rẹ̀. Kí Flynn tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Garnet ti dojú rẹ̀ kọ òkè, ó ti fi orúnkún méjèèjì há a, ó ti gbá àgbọ̀n rẹ̀ mú bó ṣe máa ń ṣe fún àgbò. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn, ó gba ẹ̀yìn etí, kó o tó mu ife omi kan tán irun ti wà nílẹ̀, òdidi ẹyọ kan, bí awọ. Àwọn yòókù ń pariwo bíi pé wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ. Flynn yẹ ara rẹ̀ wò nínú dígí. Orí rẹ̀ mọ́ roro, ó rí bí ọmọ ọwọ́. Ó ní, “Ó dáa o!” Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń tò sẹ́yìn Garnet ní gbogbo Thursday. Ó di onígbàjámọ̀ ẹgbẹ́ kó tó gbá bọ́ọ̀lù kan fún wọn. Òun àti Flynn wá di ọ̀rẹ́, bíi tẹ̀gbọ́n tàbúrò.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Adúródè ò gbọ́dọ̀ bá ẹni tó ń dúró dè ṣọ̀rẹ́. Nílé, Màmá Merle ti mú ọ̀rọ̀ náà dé ilé Ọlọ́run. Lọ́jọ́ Sunday, nígbà tí àlùfáà bi wá pé ta ló ní ẹ̀bẹ̀, wọ́n dìde wọ́n ní:

“Olúwa, mi ò ní kí o dá ẹsẹ̀ Flynn Hartigan. Ọmọ ọlọ́mọ ni. Iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ nìkan ni kí o fà. Díẹ̀. Kó kàn jókòó sílé wo tẹlifíṣọ̀n fún ọ̀sẹ̀ kan.”

“Màmá Merle,” ni àlùfáà wí, “a kì í gba irú àdúrà yẹn níbí.”

“Mo sọ pé díẹ̀.”

“Kódà díẹ̀.”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbàdúrà kí òjò rọ̀ lọ́dún tó kọjá, tó fi gbá ọkà àwọn ará Minlagulla lọ, ṣé díẹ̀ nìyẹn?”

Àlùfáà ní ká kọ orin.

Kirralee ló sọ ọ́ fún Garnet. Garnet pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ kejì, èmi náà wà níbẹ̀ torí mo bá Màmá tún páìpù ṣe, mo sì ń gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé gbàdúrà sí Flynn.”

“Ṣé o ò fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ni?”

“Mo fẹ́. Lánàá, ọmọ náà kọsẹ̀ níbi tá a ti ń sáré. Inú mi dùn, Màmá. Inú mi dùn kí n tó mọ̀ pé inú mi dùn. Ó dìde, ó wá bá mi, ó ní ‘Bàbá, ẹ wo bí mo ṣe ṣubú,’ a jọ rẹ́rìn-ín. Mi ò lè jẹun alẹ́.”

Màmá ní, “Ó dáa, màá fi í sílẹ̀.” Nígbà tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n wò mí. “Wes, ta ni ẹlòmíràn tó tún ń gbá ẹ̀yìn fún wọn?”

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Garnet á wọ aṣọ, á bá wọn sáré ìmúragbóná, á gbé bọ́ọ̀lù fún àwọn tó ń lọ ṣeré. Tí wọ́n bá ti ka orúkọ tán, tí kò sẹ́ni tó fara pa, á wọ kóòtù ẹgbẹ́, á lọ jókòó. Àwa ará ilé á sì ti wakọ̀ láti àárọ̀ wá sí Adelaide láti wá wò ó bó ṣe ń jókòó. A mọ ìjókòó rẹ̀ débi pé tó bá fi ẹsẹ̀ ọ̀tún lé tòsì, a ti mọ̀ pé ebi ń pa á.

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí òtútù mú, tí ojú ọ̀run ṣú dùdù, àwọn Òòrẹ̀ láti Melbourne wá bá wọn ṣeré. Ẹni tó bá borí nínú wọn ló máa wọ ìdíje ìparí. Àwọn Òòrẹ̀ ní atamátàsé kan tí wọ́n ń pè ní Dusan Marich, òmìrán kan tí ọwọ́ rẹ̀ tó ṣọ́bìrì. Garnet ṣe ìmúragbóná tán. Flynn ń fò bí ewúrẹ́. Garnet wọ kóòtù, ó lọ ra míìtìpáì méjì, ó da tòmátò sọ́ọ̀sì bò wọ́n, ó jẹ wọ́n tán lórí ìdúró.

Ìgbà yẹn gan-an ni Flynn, tó ti dúró lórí ìlà láti jáde sí pápá, sín.

Ó sín lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ̀yìn rẹ̀ há. Ó tẹ̀ síwájú báyìí, kò lè nà mọ́, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Wọ́n ní kó nà, ó ké. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wa lórí ìjókòó kíá, gbogbo Port Tregenna sì yíjú sí Màmá Merle lẹ́ẹ̀kan náà.

“Èmi kọ́!” ni Màmá wí. “Itan ni mo bẹ̀bẹ̀ fún. Mi ò mẹ́nu kan ẹ̀yìn rí!”

Kóòṣì fúnra rẹ̀ ló wá Garnet kàn, sọ́ọ̀sì ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu Garnet.

“Bọ́ kóòtù.”

“Kóòṣì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ míìtìpáì méjì ni.”

“Má jẹ ẹ̀kẹta.”

Báyìí ló ṣe wọlé. Nígbà tó ń sáré lọ síwájú ilé, a dìde, a pariwo, Kirralee di apá mi mú débi pé ó dá egbò sí i. Marich wo Garnet láti òkè délẹ̀, ó bojú wo ẹ̀yìn rẹ̀ bíi pé ó ń wá ọwọ́ ẹ̀yìn gidi tí wọ́n fi pamọ́ sí.

Abala àkọ́kọ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, àánú ló ṣe wá. Marich fò lórí rẹ̀, ó mú bọ́ọ̀lù, ó gbá a wọlé. Ó tún fò, ó tún gbá a wọlé. Ọkùnrin kan níwájú wa pariwo pé, “Ẹ gbé bàbá yẹn padà sílé ìtọ́jú!” Màmá Merle fi agboòrùn gbá a lórí, wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n sì tún gbá a.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òjò dé. Bọ́ọ̀lù wá ń yọ̀ bí ẹja. Ẹni tó ń fò sókè ò rí nǹkan dì mú mọ́, ẹni tó sì mọ ilẹ̀ dúró, tó ti lo gbogbo ayé rẹ̀ lórí pákó abà tí òróró irun àgùntàn ti mú kó máa yọ̀, ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dẹ̀ fún un ni. Garnet lẹ̀ mọ́ Marich. Ó sì la ẹnu.

“Àwọn ará ilé ńkọ́?”

Marich yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì.

“Àgbò kan wà lọ́dọ̀ wa tí imú ẹ̀ jọ tìẹ. Monty lorúkọ ẹ̀.”

“Bàbá, ẹ pa ẹnu yín dé.”

“Mo gbọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n sìnkú ẹni tó ni ín, Monty já okùn. A jókòó sílé ọtí, gbogbo wa wọ dúdú, la bá rí i tí ilẹ̀kùn ṣí...”

Bọ́ọ̀lù ń bọ̀. Garnet gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sáré padà wá, kò sì sọ nǹkan kan mọ́. Ó ń wo òfuurufú.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, Marich ní, “Ilẹ̀kùn ṣí, kí ló wá ṣẹlẹ̀?”

“Ta ni, èmi? Ìwọ náà lo ní kí n pa ẹnu dé.”

Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn títí di abala kẹrin. Tí bọ́ọ̀lù bá jìnnà, á sọ díẹ̀: Monty rìn kọjá láàárín àwọn èèyàn, Monty lọ síbi àga tí olóògbé máa ń jókòó sí, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú lé orí káńtà. Tí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀, á gé ọ̀rọ̀ síbi tó dùn jù. Marich á fẹ́ gbọ́, ọkàn rẹ̀ á pín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bọ́ọ̀lù bà á láyà níbi tó ti ń bèèrè ọ̀rọ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn Òòrẹ̀ ń fi fìlà lu ilẹ̀. Marich ò gbá góòlù kankan mọ́.

Nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, pọ́ìntì méjì péré ni àwọn Ẹyẹ Òfú fi ṣáájú. Àwọn Òòrẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù kan sókè réré, ó ń bọ̀ tààrà sáàárín òpó méjèèjì tó ga jù. Tó bá wọlé bẹ́ẹ̀, góòlù ni, pọ́ìntì mẹ́fà ló sì máa fún wọn, eré ti bàjẹ́. Marich fò. Garnet ò lè fò. Míìtìpáì yẹn ṣì wà níbi tó kó wọn sí. Ó kàn dúró lórí ìlà, òmìrán yẹn gùn ún lẹ́yìn, ó na apá kan sókè bí ẹni tó fẹ́ já èso, ó fi ìkúùkù gbá bọ́ọ̀lù náà sọdá sẹ́yìn ilé ara rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù tí ọwọ́ ẹ̀yìn bá gbá sọdá bẹ́ẹ̀, pọ́ìntì kan ṣoṣo ló máa fún ọ̀tá. Àmọ́ tó bá ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀ gbá a sọdá nígbà tí ẹnikẹ́ni ò yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ọ̀tá á gba bọ́ọ̀lù, á sì fara balẹ̀ gbá a wọlé láti ìtòsí. Marich, tó ṣì wà lẹ́yìn Garnet, tó fi apá méjèèjì gbá a lọ́rùn mú, ń pariwo, “Rẹfirí! Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni! Kò sẹ́ni tó yọ ọ́ lẹ́nu!”

Rẹfirí wò wọ́n. Ó wo Marich, ó wo ibi tí Marich wà. Ó ní, “Kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ná.”

Ó gbé ìka kan sókè. Pọ́ìntì kan. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù padà sínú pápá, kò sì pẹ́ tí fèrè ìparí fi dún. Pọ́ìntì kan la fi borí wọn.

Mi ò mọ ẹni tí mo dì mọ́. Mo rò pé ọkùnrin tí Màmá Merle fi agboòrùn gbá ni. Ní pápá, àwọn ọmọ yẹn sáré wá gbé Garnet sókè, wọ́n ń mì í tìtì, ìyẹn ni wọn ì bá má ti ṣe. Kóòṣì Pascoe wá láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Garnet tẹ̀ síwájú, ó sì bi míìtìpáì méjèèjì jáde sórí bàtà Kóòṣì, lójú gbogbo orílẹ̀-èdè.

Kóòṣì wo bàtà rẹ̀. “Mo gbà,” ló wí. “O ò jẹ ẹ̀kẹta lóòótọ́.”

Nínú yàrá ìmúra, wọ́n tì í sáàárín, wọ́n ń kọ orin ẹgbẹ́, wọ́n ń da omi lé e lórí. Flynn wà níbẹ̀ tó tẹ̀ bí ìkọ́, ó ń kọrin sí ilẹ̀. Garnet ò mọ ju ìlà àkọ́kọ́ orin náà lọ. Ó kàn ń la ẹnu, ó ń sunkún. Nígbà tó jáde, Marich dúró dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ojú rẹ̀ korò bí ewúro.

“Àgbò yẹn,” ló wí. “Ó gbé ẹsẹ̀ lé káńtà. Kí ló wá ṣe?”

“A bu bíà olóògbé fún un,” ni Garnet wí. “Ó mu ún. Ó mu ti àlùfáà náà kún un. Ó wá dùbúlẹ̀ sẹ́sẹ̀ àga yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sì sẹ́ni tó ní ọkàn láti lé e.”

Marich mi orí. Ó tẹ Garnet léjìká, ó kọjá lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì.

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí ni, ì bá dùn. Àmọ́ ẹ̀yìn Flynn ò tíì san lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Garnet ló tún wọlé nínú ìdíje ìparí. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ gbẹ. Atamátàsé tí wọ́n fi kò ó lójú, ọmọ kékeré kan tó yára bí ẹ̀fúùfù ni, Ezra Quill, ọmọ ogún ọdún. Garnet bi í pé, “Àwọn ará ilé ńkọ́?” Kó tó dé “ilé,” ọmọ náà ti lọ. Góòlù méje ló gbá lórí rẹ̀. Nígbà tó di ìkẹrin, Garnet ṣì ń sá tẹ̀ lé e. Nígbà tó di ìkẹfà, ó dúró, ó fọwọ́ kan ìbàdí, ó kàn ń wò ó. Kóòṣì mú un jáde. Ọdún bọ́ọ̀lù àwọn Ẹyẹ Òfú parí síbẹ̀.

Garnet ti padà wálé, abà la sì wà lọ́jọ́ tí Kóòṣì pè é. Garnet pa ẹ̀rọ, ó fi orúnkún di àgùntàn mú, ó gbé fóònù sétí. Èmi náà pa tèmi. Mo gbọ́ tó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Kóòṣì.” Ó ní, “Rárá o, mo mọ̀.” Ó ní, “Ẹ̀yìn Flynn ńkọ́?” Ó ní, “Ẹ ṣé gan-an. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn.” Ó fi fóònù sápò.

“Kí ni wọ́n wí?” ni mo bi í.

“Wọ́n ní ó tó. Wọn ò fẹ́ mi mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀.”

Ó tan ẹ̀rọ. Ó rẹ́ àgùntàn yẹn tán, ó fa òmíràn, ó tún rẹ́ ẹ, kò sọ̀rọ̀. Garnet tí kò sọ̀rọ̀, ó dà bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù inú rẹ̀ lọ. Mo ń fẹjú mọ́ irun tó wà níwájú mi, mo gé àgùntàn tèmi lára níbi tí mi ò ti gé àgùntàn rí.

Lójijì mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ó ń sunkún, mo pa ẹ̀rọ kí n lè lọ bá a. Ẹ̀rín ni.

“Wes,” ló wí, “ṣé o rí ọmọ yẹn? Ezra yẹn? Góòlù ìkarùn-ún! Ó lọ sósì, mo lọ sósì. Ó lọ sọ́tùn-ún, mo lọ sọ́tùn-ún. Mo wá wò yí ká, ó ti gbá a wọlé, ó ń bọ àwọn èèyàn lọ́wọ́! Mi ò rí nǹkan tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí mo ti dáyé. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù kí n pàtẹ́wọ́ fún un.”

“O pàtẹ́wọ́ fún un,” ni mo wí. “Tẹlifíṣọ̀n ya ẹ́.”

“Ṣé òótọ́?”

“Ẹ̀ẹ̀mejì.”

Ó tún bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ nu ojú, àgùntàn tó wà láàárín orúnkún rẹ̀ sì lo àǹfààní yẹn, ó já, ó sá gba ẹnu ọ̀nà jáde pẹ̀lú ìdajì irun lára. A jọ gbá tẹ̀ lé e nínú oòrùn.